Òfìfo Kì í Ṣe Òdo: Bí Kọ̀ǹpáílà Ṣe Ń Ṣe sí Àyè Tí A Kò Fún Ní Iye

1. Ìfáárà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Bódìjà, tí ó ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní C, bi mí ní ohun tí a ó máa pe àyè tí a dá sílẹ̀ fún nọ́ńbà ṣùgbọ́n tí a kò fi nọ́ńbà kankan sí. Wéré ni mo dáhùn pé ‘àyè òfìfo’ ni. Ìdáhùn mi kò tọ̀nà. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpáílà ń ṣe ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn wá.

Ògbufọ̀ ni kọ̀ǹpáílà. Òun ni ó ń tú C, tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, sí èdè asẹ́ńbílì tí ó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ.

2. Àyè tí a nù mọ́

Bí a bá kọ int aropo; sí ibi tí gbogbo ètò ti lè rí i, kọ̀ǹpáílà GCC yóò fi í sí abala tí a ń pè ní.bss, yóò sì kọ .zero 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a ya báìtì mẹ́rin sọ́tọ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ òdo. Òfin C ni ó pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí láti to àwọn òdo náà sínú fáìlì. Iye báìtì nìkan ni a ń kọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ yóò pèsè àyè náà, yóò sì nù ún mọ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

3. Àyè tí ẹnikẹ́ni kò nù

Bí a bá kọ ìlà kan náà sínú ọ̀kan nínú àwọn ìpín ètò, láì fi ọ̀rọ̀ static ṣáájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọ̀ǹpáílà lè yan ibì kan fún un lórí stack, ṣùgbọ́n kò níí kọ àṣẹ kankan tí yóò fi iye síbẹ̀. Bí olùkọ́ tí ó jáde kò bá nu pátákó, ìṣirò rẹ̀ ni ẹni tí ó wọlé yóò bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo máàkì 12, 15 àti 20. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 47. Bí 9 bá ti wà nínú àyè náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 56. Bí ó bá sì ṣe òdo ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a dán ètò wò, àṣìṣe náà kò níí hàn. Òfin C kò tilẹ̀ fi dandan lé e pé kí kọ̀ǹpáílà ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá ní kí ó mú ètò yá, ó lè fo kíkà náà pátápátá.

4. Ìgúnlẹ̀

Àwa olùdánwò mọ̀ pé ẹni tí ó gba òdo yàtọ̀ sí ẹni tí kò wá. Àyè int kò ní àmì kankan fún ‘kò wá’. Ohun yòówù tí a bá níbẹ̀, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Nítorí náà, mo dábàá ‘àyè àìfúnníye’ dípò ‘àyè òfìfo’. Ohun tí òǹkọ̀wé ètò kò ṣe ni orúkọ yìí ń sọ; kò purọ́ nípa ohun tí ó wà nínú àyè náà. Kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa kọ int aropo = 0; kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.