Bí Ẹ Bá Ń Lọ sí Àjàṣẹ́, Ìlú tí Àwọn Pọtogí Sọ ní Porto-Novo

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ yìí bá èmi gan-an wí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi igi tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà lára ògiri kíláàsì ní Òsì, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé, “Èyí ni Nàìjíríà, èyí tí ó fara tì í ní ìwọ̀-oòrùn ni Bẹ̀nẹ̀, Porto-Novo sì ni olú-ìlú rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ibodè kankan rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ìsinmi Kérésìmesì ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ń ta aṣọ ní Ìlọ́fà ránṣẹ́ pè mí. Ìyá yìí ti lọ ra ọjà ní Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Níbi tí ó ti ń pààrọ̀ náírà sí owó wọn ní ibodè, ọkùnrin kan bá a ka owó náà, ó tún un kà, ó sì fi rọ́bà dì í fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìgbà tí ìyá dé ọjà ni ó tó rí i pé ìdajì owó òun ni ó wà nínú ìdì náà.

“Owó àjọ ni,” ni ó wí fún mi, “ọdún méjì ni mo fi san án. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ tí o mọ̀wé ni yóò tẹ̀ lé mi lọ.”

Bí mo ṣe di akọ̀wé ìyá oníṣòwò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ìwé tí mo kà wúlò ní ibodè, àmọ́ nínú ìgboro Àjàṣẹ́, ìyá tí kò ka ìwé kankan ni ó gbà mí sílẹ̀. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

ORÚKỌ MẸ́TA NI ÌLÚ NÁÀ Ń JẸ́

Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu. Porto-Novo tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, orúkọ Pọtogí ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Èbúté Tuntun. Wọ́n ní oníṣòwò Pọtogí kan, Eucaristo de Campos, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1752, nítorí pé ó rán an létí ìlú Porto ní ilẹ̀ tirẹ̀. Kì í ṣe ohun ayọ̀ ni ó gbé irú wọn wá síbẹ̀ o. Ẹrú ni wọ́n wá rà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ dó síbẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accron, àti pé iwin olórí mẹ́sàn-án kan jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Tè-Agbanlin, ọmọ ọba láti Allada, wá dá ìjọba sílẹ̀. Ọba tí orúkọ rẹ̀ kún ẹnu jù nínú wọn ni Toffa, tí ó jọba láti 1874 sí 1908. Ní ìgbà tirẹ̀ ni Faransé fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, tí Àjàṣẹ́ sì di olú-ìlú Dàhòmì ní 1900. Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, oṣù méjì ṣáájú tiwa. Ní 1975 ni ó yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀. Àjàṣẹ́ ṣì ni olú-ìlú nínú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnù ni ọ́fíìsì ìjọba pọ̀ sí.

KÍ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìwé ìrìnnà ni àkọ́kọ́. Láti 1979 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fàyè sílẹ̀ pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn láì gba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n “láì gba físà” kì í ṣe “láì mú ìwé”. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS dání, kí ẹ sì mú káàdì pupa-rúsúrúsú tí ó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹni tí kò bá ní ìwé ni ẹni tí gbogbo ènìyàn máa ń bá dúnàádúrà lójú ọ̀nà, kò sì ní rí ẹnu fi sọ̀rọ̀.

Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀nà ṣí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba wa ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa. Ìparí 2020 ni Sẹ̀mẹ̀ tó ṣí, Ìdí-Ìrókò sì dúró di 2022. Àwọn tí kò gbọ́ ìròyìn jẹ gbèsè ọkọ̀ lásán.

Láti apá ọ̀dọ̀ wa, a wọkọ̀ lọ sí Òmù-Àrán, a gba Ìlọrin àti Ìbàdàn dé Èkó, a sì sùn síbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó wà láti ibẹ̀: ẹ lè gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ sì lè gba Ọ̀tà dé Ìdí-Ìrókò, kí ẹ ti ibẹ̀ kọjá sí Igolo. Èyí ó wù kí ẹ gbà, ẹ tètè jí. Ẹni tí ó bá dé ibodè ní òwúrọ̀ yóò rí ojú ka owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìkánjú ni yóò bá a kà á.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ, Ẹ̀YIN OLÓWÒ

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ná ní Tógò, Senegal àti Côte d’Ivoire. Sẹ́fà ti Kamẹrúùnù kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má gbà á. Wọ́n so sẹ́fà yìí mọ́ owó Yúróòpù: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọjà wọ́n ju ti oṣù tí ó kọjá lọ, ẹ kọ́kọ́ wo náírà tiwa kí ẹ tó bá ìyá ọlọ́jà jà.

Ohun tí èmi àti ìyá mi ṣe ni èyí. A béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí a tó mú owó jáde. A kò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lójú kan. Mo ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, mo fi han ẹni tí ń pààrọ̀ náà. Ó kà á, mo kà á, ìyá mi sì ni ó kà á kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, owó kò kúrò ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ títí ó fi wọ inú ìlábùrù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní, “Ẹ mú un wá kí n bá yín tò ó dáradára,” ẹ ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Ẹ gba rìsíìtì ọjà tí ẹ bá rà, kí ẹ sì bi àwọn aṣọ́bodè léèrè ohun tí òfin kọ̀ kí ẹ tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán. Àpẹẹrẹ kan ni ìrẹsì, tí ìjọba wa ti fi òfin dè láti gba ibodè ilẹ̀ láti 2016.

ÈDÈ ÀTI ỌKỌ̀

Faransé ni èdè ọ́fíìsì, Ègùn ni èdè ọjà, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ Yorùbá ní ibi púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè iye nǹkan, “Kọ́ḿbíẹ̀?” ni, bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, “Mẹ̀sí.” Níbi tí èdè bá ti pin, ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Nọ́ḿbà kò ní èdè.

Alùpùpù tí ń gbé èrò ni wọ́n ń pè ní sẹmíjan. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó gorí rẹ̀. Aago wọn àti tiwa kò yàtọ̀ rárá.

IBI TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ DÉ

Ààfin Toffa, tí wọ́n ń pè ní Honmè, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ẹ lọ wò ó. Olùkọ́ tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò rí ohun kọ́ ọmọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó lọ sí Songhaï ní Ouando, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń sin ẹja àti ẹran, wọ́n ń gbin ewébẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n sì fi ń ṣe gáàsì. Ohun kan kò ṣòfò. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìlù tàbí ìkòkò, kí ó béèrè ọjọ́ ọjà Adjarra tí kò jìnnà sí ìlú. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá mi dúró jù ni Mọ́ṣáláṣí Ńlá. Bí mo ti rí i, mo ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì rè é.” Ìyá mi wo inú rẹ̀, ó ní, “Àwọn tí ń bọ́ bàtà wọlé yìí ńkọ́?” Mọ́ṣáláṣí ni lóòótọ́, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì àti ọ̀dà aláràbarà.

Iṣẹ́ àwọn Àgùdà ni. Ẹ rántí pé ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n sì lé púpọ̀ padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà, àwọn mìíràn sì dé lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1888. Wọ́n tẹ̀ dó sí Èkó, níbi tí a ń pè ní Pópó Àgùdà, wọ́n tẹ̀ dó sí Wídà àti Àjàṣẹ́. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1912, irú ilé Ọlọ́run tí àwọn ọ̀mọ̀lé Àgùdà mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n kọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní, àwọn ìdílé Àgùdà máa ń ṣe ọdún Bonfim, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Bahia. Wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà Burian, eégún tiwọn, á jáde pẹ̀lú ìlù àti ijó, wọn á sì máa kọrin ní èdè Pọtogí tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ mọ́. Èdè lọ, orin kò lọ.

ÀṢÌṢE MI

Oṣù kìn-ín-ní ni ọjọ́ ìsinmi ìṣẹ̀ṣe máa ń wáyé ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ń bọ̀ láti ọjà nígbà tí Egúngún kan yọ láti inú agboolé kan pẹ̀lú àwọn àtọ́kùn rẹ̀. Èmi olùkọ́ yọ fóònù, mo sún mọ́ wọn, mo sì ń ya àwòrán. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́ bí mẹ́fà ti yí mi ká. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n ń fi Ègùn àti Faransé bú mi, ẹnì kan sì gbé pàṣán sókè. Gẹ̀ẹ́sì mi kò ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá mi kò sáré, kò sì pariwo. Ibi tí ó wà ni ó ti kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Egúngún bí ó ti yẹ obìnrin, ó wí ní Yorùbá pé: “Ẹ̀yin baba wa, ẹ má bínú. Ọmọ mi ni, ìwé ni ó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlọ́fà ni a ti wá. Àwa náà ní Ẹpa nílé, a mọ̀ pé a kì í wo awo bí ẹni ń wo ọjà.”

Baba arúgbó kan jáde láti ẹnu ọ̀nà, Yorùbá ni ó sì fi dá a lóhùn. Ó ní, “Ìyá, ẹ dìde. Ẹni tí ó mọ èèwọ̀ ilé rẹ̀ kò lè ṣàlejò níbí.” Wọ́n pa àwòrán náà rẹ́, wọ́n dá fóònù mi padà. A fi owó díẹ̀ tọrọ àforíjì. Baba náà sì fún wa ní omi mu.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi tí ó ga jù nìyí: ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya àwòrán ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ awo, ìbáà ṣe Egúngún, ìbáà ṣe Zangbeto, ọlọ́dẹ òru àwọn Ègùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ojú wò ó, kí ẹ fi ọkàn gbé e lọ.

OHUN TÍ MO GBÉ BỌ̀ WÁLÉ

Ìyá mi gbé aṣọ bọ̀, ó sì ta á tán kí Àjíǹde tó dé. Àjọ ọdún méjì tí ó sọnù ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi, ìtìjú ni mo gbé bọ̀. Òsì tí mo ti ń kọ́ni ni Aréògún ti gbẹ́ ère títí ó fi kú ní 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Apá Odò-Ọ̀wà ni Bámigbóyè ti gbẹ́ Ẹpa ńláńlá, orí igi kan ṣoṣo tí ó ru ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 2022, yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè fún gbogbo ayé wò. Nígbà tí mo wọ kíláàsì padà, mo bi àwọn ọmọ mi léèrè ta ni Aréògún. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó nawọ́, ó ní agbábọ́ọ̀lù ni.

Àwọn Àgùdà gbé orin wọn la òkun já, wọn kò jẹ́ kí ó sọnù. Ilẹ̀kùn wa ni tiwa wà. Ẹ lọ sí Àjàṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ra ọjà, ẹ wo mọ́ṣáláṣí olójú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí wọ́n bi yín léèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin ní nílé?” ẹ rí i pé ẹ ní èsì, bí ìyá mi ti ní.

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re.