Ẹ̀rọ Amúnáwá Tí Ń Tan Ara Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Ṣábẹ, okùn iná ìjọba kò tíì dé. Nítorí náà, àwọn kan ti gbé pátákó sólà sórí òrùlé ilé ìwòsàn, ilé omi àti ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sán, oòrùn ń fún wọn ní iná. Bátìrì ń tọ́jú iná náà di alẹ́.

Ṣùgbọ́n oòrùn kì í ràn bákan náà lójoojúmọ́. Ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje. Ìkùukùu a máa bo oòrùn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo pátákó. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iná inú bátìrì lè tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ìwòsàn kan ní abúlé. Aago méjì òru ni. Agbẹ̀bí wà lẹ́nu iṣẹ́. Fìríìjì kan wà ní yàrá kejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ, kò sì gbọdọ̀ tutù ju ìwọ̀n 2 lọ. Bí iná bá lọ, ta ni yóò fi obìnrin tí ń rọbí sílẹ̀, tí yóò lọ tan ẹ̀rọ amúnáwá?

Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń so ẹ̀rọ amúnáwá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní gúrúpù, mọ́ iná sólà. Wọ́n ń ṣe é kí ó lè tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀, kí ó sì dákẹ́ nígbà tí bátìrì bá ti gba iná tó.

Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú. Kò mọ̀ bí ọmọdé bá wà nítòsí rẹ̀. Kò mọ̀ bí mẹ̀káníìkì bá ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a bá fún ní àṣẹ láti tan ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan mẹ́ta: ìgbà tí yóò tan, ìgbà tí yóò dákẹ́, àti ìgbà tí ènìyàn bá sọ fún un pé rárá.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ IṢẸ́ NÁÀ

1. Pátákó sólà: òun ni ó ń gba agbára oòrùn.

2. Bátìrì: òun ni àká iná. Bí a ṣe ń kó àgbàdo sínú àká ni a ṣe ń kó iná sínú bátìrì.

3. Ẹ̀rọ ayínápadà: àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní onduleur. Iná bátìrì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Iná tí fìríìjì àti gílóòbù ń lò ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí fìríìjì lè lò, ìyẹn fólítì 230.

4. Ẹ̀rọ amúnáwá: òun ni ó ń mu ẹ̀sáǹsì tàbí gasoil, tí ó sì ń fún wa ní iná.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá ni ó lè tan ara rẹ̀. Èyí tí a ń fi okùn fà kò lè ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ní bátìrì kékeré tirẹ̀ tí ó fi ń tan, bí ti mọ́tò. Ó tún gbọ́dọ̀ ní àyè tí a lè so okùn àṣẹ mọ́. Bí kò bá ní àyè náà, oníṣẹ́ iná yóò fi àpótí kékeré kan kún un tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

OKÙN AGBÁRA ÀTI OKÙN ÀṢẸ

Oríṣi okùn méjì ni ó wà láàárín ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ ayínápadà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ wọn ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Okùn kìíní ni okùn agbára. Ó nípọn. Òun ni ó ń gbé iná fólítì 230 wá láti inú ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé sínú ẹ̀rọ ayínápadà ni a gbọ́dọ̀ so ó mọ́. A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà jáde lọ sí ilé.

Kí ni ìdí? Ẹ ronú sí onílù méjì. Bí olúkúlùkù bá ń lu ìlù tirẹ̀ láìfetí sí ẹnì kejì, ìlù náà yóò dàrú. Iná ẹ̀rọ amúnáwá ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Iná ẹ̀rọ ayínápadà náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lójijì lórí okùn kan, wọ́n yóò kọlu ara wọn, ẹ̀rọ ayínápadà yóò sì jóná. Ṣùgbọ́n bí iná bá gba ẹnu ọ̀nà ìwọlé, ẹ̀rọ ayínápadà yóò kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Yóò dúró títí ẹ̀rọ amúnáwá yóò fi máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Yóò mú ìṣísẹ̀ tirẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Okùn kejì ni okùn àṣẹ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni. Kò gbé iná wá sí ilé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé. Nínú ẹ̀rọ ayínápadà, bọ́tìnì kékeré kan wà tí kò nílò ọwọ́ ènìyàn. Rélè ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀, rélè yóò so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́ pé: «Tan!» Nígbà tí rélè bá tú wọn sílẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́ pé: «Dákẹ́!» Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná fólítì 230 kan okùn àṣẹ láé. Ẹ má ṣe di okùn agbára àti okùn àṣẹ pọ̀ sínú ọ̀pá kan náà.

NÍGBÀ WO NI KÍ Ó TAN?

Ẹ jẹ́ kí a mú bátìrì olójé, fólítì 24. Bí ó bá kún, tí ó sì ti sinmi, ìwọ̀n rẹ̀ a máa tó nǹkan bí 25,4. Bí ó bá ku ìdajì, ìwọ̀n rẹ̀ a máa jẹ́ nǹkan bí 24,4. Bátìrì olójé tí ó ń lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ nígbà gbogbo kì í pẹ́ láyé.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Bí ènìyàn bá gbé ẹrù wúwo, orúnkún rẹ̀ a kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò nà. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì rí. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń fa omi bá bẹ̀rẹ̀, fólítì bátìrì a lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì padà gòkè. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá tan nítorí èyí, yóò máa tan, yóò máa dákẹ́, yóò sì máa fi epo ṣòfò.

Nítorí náà, oníṣẹ́ iná yóò sọ fún ẹ̀rọ ayínápadà pé kí ó ní sùúrù. Àpẹẹrẹ: bí fólítì bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, kí ó má ṣe dúró ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ. Inú ìwé tí ó bá bátìrì wá ni a ti ń wo ìwọ̀n tí ó yẹ. Bátìrì lithium yàtọ̀. Fólítì rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀ títí iná inú rẹ̀ yóò fi fẹ́ tán. Ìdá iná tí ó kù nínú rẹ̀ ni a ń wò.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tan ńkọ́? Àpótí àṣẹ tí ó dára yóò gbìyànjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Yóò sinmi. Yóò tún gbìyànjú. Lẹ́yìn bí ìgbà mẹ́ta, yóò dúró, yóò sì pe ènìyàn. Bí kò bá dúró, bátìrì kékeré tí ó fi ń tan yóò kú.

ÈLÓ NI ẸRÙ RẸ̀?

Bí ẹ̀rọ bá tan, iṣẹ́ méjì ni yóò ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: yóò fún ilé ní iná, yóò sì máa kún bátìrì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ẹ̀rọ wa lè gbé wáàtì 3000. A kò fẹ́ kí ó gbé ju 2400 lọ fún wákàtí púpọ̀. Ilé ìwòsàn ń lo wáàtì 800. Kí ni ó kù fún bátìrì?

2400 – 800 = 1600

Wáàtì 1600 ni. Ìwọ̀n yìí ni oníṣẹ́ iná yóò kọ sínú ẹ̀rọ ayínápadà. Bí kò bá kọ ọ́, bátìrì tí ebi ń pa lè gba ju agbára ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ yóò sì kú lójijì.

NÍGBÀ WO NI KÍ Ó DÁKẸ́?

Bátìrì olójé ń yára gba iná ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá kún dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ó ń lọ́ra. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ títí bátìrì yóò fi kún pátápátá, epo púpọ̀ yóò lọ fún iná díẹ̀. Ó dára kí ẹ̀rọ dákẹ́ níbẹ̀, kí oòrùn sì parí iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí bátìrì olójé kún pátápátá, kí ó má baà bàjẹ́.

Epo kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ní ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dẹ́kun owó ìrànwọ́ orí epo. Owó ẹ̀sáǹsì inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀ sì lọ sókè gan-an ní ọdún náà.

BỌ́TÌNÌ TÍ Ó Ń SỌ PÉ RÁRÁ

Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tí ó ní ipò mẹ́ta: DÚRÓ, ỌWỌ́, FÚNRA RẸ̀. Bí ó bá wà ní FÚNRA RẸ̀, ẹ̀rọ ń gbọ́ àṣẹ rélè. Bí ó bá wà ní DÚRÓ, kò gbọdọ̀ gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kódà bí ó bá ti dákẹ́ láti àná:

1. Ẹ yí bọ́tìnì sí DÚRÓ.
2. Ẹ yọ okùn kan kúrò lára bátìrì kékeré tí ó fi ń tan.
3. Ẹ dúró kí ó tutù kí ẹ tó bu epo sí i.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí gàdàgbà, kí ẹ sì kàn án mọ́ ara ògiri:

Ẹ ṢỌ́RA! Ẹ̀RỌ YÌÍ LÈ TAN ARA RẸ̀ NÍGBÀKÚGBÀ.

Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí àwọn ará ilé ń kà. Ẹni tí ó mọ̀wé kà nínú ilé ni kí ó ka ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọmọdé.

ÈÉFÍN RẸ̀ Ń PANI

Nínú èéfín ẹ̀rọ, gáàsì kan wà tí ń jẹ́ monoxyde de carbone. Kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Ẹni tí ó bá ń mí i símú nígbà tí ó ń sùn lè má jí mọ́. Ẹ̀rọ tí ń tan ara rẹ̀ lè tan nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn. Nítorí náà, ìta gbangba ni ibùgbé rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́ òrùlé kékeré sí i lórí, kí òjò má baà pa á. Ẹ má ṣe mọ ògiri yí i ká pátápátá.

ÌWÉ Ẹ̀RỌ

Ẹ so ìwé kékeré kan àti bíìrò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ayínápadà. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, iye epo tí ẹ bù sí i, àti ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ni a ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 100. Ẹ̀rọ tí ń tan ara rẹ̀ lóru lè lo wákàtí wọ̀nyí tán láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìwé ni yóò jẹ́rìí.

Oníṣẹ́ iná tí ó kọ́ṣẹ́ ni kí ó so okùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú ẹ̀rọ náà ni kí ẹ mọ ohun tí okùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ẹ lè béèrè, kí ẹ sì lè mọ̀ bí iṣẹ́ náà kò bá dára.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín okùn agbára àti okùn àṣẹ?
2. Kí ló dé tí ẹ̀rọ ayínápadà fi ń ní sùúrù kí ó tó tan ẹ̀rọ amúnáwá?
3. Ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ gbé ju wáàtì 4000 lọ. Ilé ń lo 1500. Èló ni ó kù fún bátìrì?
4. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́?
5. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tí ẹ óò kàn mọ́ ara ògiri.