Orí Ifẹ̀ kì í ṣe "bronze": idẹ ni, bàbà ni

Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ni ọkọ́ wọn bá kan nǹkan líle. Orí ènìyàn ni, kì í ṣe ẹyọ kan, ó ju mẹ́wàá lọ. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tí wọ́n sì fún un níbẹ̀ ni "Ife bronzes". Títí dòní, ọmọ Ifẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà kò bá ohun tó ń jẹ́ ẹ mu.

Bàbà tí a yọ́ pọ̀ mọ́ tánńganran ni bronze. Bó bá jẹ́ síǹkì ni a yọ́ mọ́ bàbà, idẹ ló dà, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní brass. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ orí Ifẹ̀ wò, idẹ tó ní òjé nínú ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn díẹ̀ jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù rárá.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà àtijọ́ kò ní in. Brass ni wọ́n ń pe gbogbo àdàlù bàbà, ohun yòówù tí wọn ìbáà yọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún ni bronze wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, tí àwọn náà gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì: bronzo. Kọjá ibẹ̀, ẹnu àwọn onímọ̀ èdè kò kò. Àwọn kan ní ìlú Brindisi ni orúkọ náà ti yọ. Àwọn mìíràn ní birinj ni, ọ̀rọ̀ èdè Páṣíà, tó túmọ̀ sí idẹ! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, idẹ ni bronze ń jẹ́ kó tó kúrò nílé.

Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìtàn Mósè nínú aginjù: ejò idẹ ni. Brass náà ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 kọ síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní, ejò kan náà ti di bronze.

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà ga ni pé àwọn oníṣẹ́ ọnà Yúróòpù sọ ọ́ di orúkọ gbogbo ère tí a fi iná dà, ohun yòówù tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe bá Ifẹ̀ nìyẹn, òun náà ló bá Benin, tó jẹ́ pé idẹ ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé ń pè ní "Benin Bronzes".

Ohun tó dùn mí ni pé àwa ò ṣàìní orúkọ. Ẹ bó rọ́bà ara wáyà iná: pupa tó wà nínú rẹ̀, bàbà ni. Ẹ wo agádágodo tó ń dán bí wúrà: idẹ ni. Ọmọdé tó gbọ́ Yorùbá kì í pe ọ̀kan ní èkejì. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá lè kọ "bronze" sábẹ́ orí Ifẹ̀ lè kọ idẹ síbẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, ìbòjú tí wọ́n ní ti Ọọ̀ni Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ ni mo máa ń ronú kàn jù. Wọn kò sin ín sínú ilẹ̀ rí. Ààfin ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Bàbà ni, nǹkan bí 99 nínú ìdá 100 rẹ̀. Bàbà ọ̀hún le dà. Iná rẹ̀ ní láti gbóná tó 1,085 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, nígbà tí idẹ ti yọ́ tipẹ́. Bó bá sì yọ́ tán, afẹ́fẹ́ a máa kó sí i nínú, kì í fẹ́ ṣàn dé kọ̀rọ̀ bí idẹ ti ń ṣàn. Síbẹ̀, ẹni tó da ìbòjú yìí ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn rí i pé bàbà náà dé ètè, ó dé imú, ó dé etí. Ó tún la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ojú méjèèjì, kí ẹni tó bá gbé e bojú lè máa ríran.