OMI ARÓ TÍ À Ń DÀ NÙ: KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan aláró, ó kan ẹlẹ́ja, ó kan ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń mu omi. Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí tó ń wọ odò ni, àti ìwé àṣẹ tí òfin ní ká gbà kí ilé iṣẹ́ tó tú u síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra àdìrẹ. Láyé àtijọ́, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń pa aṣọ láró. Lóde òní, kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò aró. Sódà yìí náà ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ẹni tó bá ti ta sí lára rí mọ̀ pé ó ń bó ni láwọ̀. Bí a bá da omi aró nù, gọ́tà á gbé e dé odò kéékèèké, odò kéékèèké á gbé e dé odò Ògùn. Inú odò Ògùn yìí ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ Abẹ́òkúta. Ó tún sàn dé Àkútè, níbi tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí ilé iṣẹ́ omi Adíyàn fún àwọn ará Èkó. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí a dà nù lókè, àwọn ọmọ wa ló ń bù ú mu nísàlẹ̀.

NÍBO NI ÒFIN YÌÍ TI BẸ̀RẸ̀?

Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá jù sí Kókò, níbi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ká ìjọba lára, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1991, FEPA gbé òfin jáde pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú omi ìdọ̀tí rẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀, kó sì gba ìwé àṣẹ. FEPA ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti 2007, NESREA ló ń bójú tó òfin àyíká fún ìjọba àpapọ̀. Ní 2009, wọ́n ṣe òfin lórí ìwé àṣẹ, àti òmíràn fún àwọn tó ń ṣe aṣọ àti awọ. Ní 2011, wọ́n ṣe ti omi odò àti omi inú ilẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní àjọ tiwọn: OGEPA ní Ògùn, LASEPA ní Èkó.

KÍ NI ÌWÉ ÀṢẸ NÁÀ?

Kì í ṣe owó tí a san ká lè máa ba odò jẹ́. Ìwọ̀n ni, bíi kọ́ńgò ọjà: ó ń sọ ibi tí a ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ wo mẹ́ta nínú ìwọ̀n tí FEPA là sílẹ̀ ní 1991:

1. Òṣùwọ̀n pH, tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe ní sódà tó, gbọ́dọ̀ wà láàárín 6 sí 9. Omi tí kò ní nǹkan nínú jẹ́ 7. Omi aró tí sódà pọ̀ nínú rẹ̀ lè ju 12 lọ.

2. Omi náà kò gbọdọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 40 ti Celsius, láàárín mítà 15 sí ibi tó ti ń tú jáde.

3. BOD kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 50 nínú lítà omi kan. Èyí kan omi ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ibi ìpẹran. Kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ máa ń lo afẹ́fẹ́ inú omi. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, afẹ́fẹ́ á tán, ẹja á kú.

Ẹ má sì rò pé bíbu omi lé e ni ìtọ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ tí a bu omi sí i, iyọ̀ ò tíì kúrò nínú ìkòkò.

KÍ LA LÈ ṢE?

Ẹnìkan lè ní, "Èmi tí mo ní ìkòkò aró méjì, ṣé ilé iṣẹ́ lèmi náà ni?" Méjì kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún aláró bá ní méjì-méjì lójú kan, igba ìkòkò ni gọ́tà yẹn ń gbé. Kí ẹgbẹ́ tètè lọ bá àjọ ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó wá bá wa. Àjọpawọ́pọ̀ la fi lè kọ́ táǹkì tí omi aró á máa dúró sí fún ìtọ́jú. Apá ẹnìkan ò ká a.

Nílé, ẹ jẹ́ kí aṣọ ro dáadáa sínú ìkòkò kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ fi aró tó bá kù pa aṣọ mìíràn. Ẹ má da omi aró sí ẹ̀bá kànga. Ẹ má fi ásíìdì lu omi aró láti pa sódà rẹ̀ o: èéfín tí hydrosulphite á tú jáde lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba owó ìwé àṣẹ, ẹ béèrè káàdì rẹ̀ àti ọ́fíìsì tó ti wá, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Òfin yìí tún ń gbèjà wa. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá ń tú omi dúdú sí odò tí àwọn ẹlẹ́ja wa ń ná, ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí àjọ pé: ṣé wọ́n ní ìwé àṣẹ, ta ló sì wọn omi wọn? Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tiwa náà mọ́ ká tó nà án sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ìsọ̀ yín. Omi ò lọ́tàá. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀tá.