Ẹ Fẹ́ Gbé Kayak Sórí Mọ́tò? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Káríà Yín

Kẹ́ ẹ tó náwó sórí káríà èyíkéyìí, ẹ ṣí ìwé tó bá mọ́tò yín wá, kẹ́ ẹ wo iye ẹrù tí òrùlé rẹ̀ lè gbé. Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Ọba tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa kayak, ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Àmọ́ ẹni tó ń gbé pákó tàbí àkàbà sórí mọ́tò n'Íbàdàn náà lè dúró gbọ́, físíìsì kan náà ni.

Ká ní ìwé yẹn sọ pé kìló 50. Gbogbo ohun tó bá wà lókè ló wà nínú 50 yẹn o, títí kan káríà fúnra rẹ̀. Káríà kìló 6, irin tí kayak máa jókòó lé kìló 4, kayak kìló 25: ó ti di 35. Ẹ gbé kayak ọ̀rẹ́ yín àti irin tiẹ̀ kún un, ó di 64. Ó ti kọjá nìyẹn. Òótọ́ ni pé òrùlé mọ́tò tó dúró sójú kan lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bíréèkì òjijì, kọ́nà àti kòtò máa ń sọ ẹrù di ìlọ́po.

Afẹ́fẹ́ ló wá le jù. Bẹ́ ẹ bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó kọlu pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó máa tì í bíi pé ẹrù tó lé ní kìló 45 ló rọ̀ mọ́ ọn. Ní kìlómítà 50, ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré ni. Imú kayak ṣe ṣóńṣó, kò ní gba tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gun gíláàsì iwájú bọ̀ ń ti imú yẹn sókè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kayak mítà 4 jókòó sáàárín, afẹ́fẹ́ sì fi agbára kìló 10 ti imú rẹ̀ sókè. Bí ọ̀pá méjèèjì tó dábùú òrùlé bá fi sẹ̀ǹtímítà 70 jìnnà síra, okùn ọ̀pá iwájú máa fara gba nǹkan bíi kìló 34. Bí wọ́n bá fi mítà 1 jìnnà síra, ó bọ́ sí 25. Mo yọ ìwọ̀n kayak fúnra rẹ̀ kúrò kí ìṣirò má bàa gùn. Nítorí náà, káríà tó jẹ́ kí ọ̀pá méjèèjì jìnnà síra ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yín gan-an. Tìmùtìmù onífẹ́ẹ́fẹ́ tí wọ́n ń so gba inú ilẹ̀kùn kọjá? Ní tèmi, ìrìn kúkúrú nìkan ló wà fún.

Ẹ tún fi okùn so imú kayak mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fa mọ́tò níwájú, kẹ́ ẹ so ìdí rẹ̀ náà. Bí kayak bá já ní màrósẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa bá.

Ike ni ọ̀pọ̀ kayak, oòrùn sì máa ń jẹ́ kó rọ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ratchet fún okùn jù, ikùn rẹ̀ máa tẹ̀ wọnú. Bẹ́líìtì tẹ́ ẹ lè fọwọ́ fà le dáa jù. Bí bẹ́líìtì náà bá wá ń hó wùùù lójú ọ̀nà, ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó dè é: kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn rí ojú pẹlẹbẹ tó lè máa gbọ̀n.