Ìwé Ìròyìn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́, àti Bí A Ti Í To Ojú-Ìwé Rẹ̀

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìròyìn àti ọ̀nà tí a fi ń tàn án kálẹ̀. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá sí ilé ní ìsinmi, tí ó sì mú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ohun tí bàbá rẹ̀ yóò rí ni tákàdá tí a lẹ àwòrán mọ́, tí a kọ lẹ́tà gàdàgbà sí lókè, tí a sì fi ìlà tín-ín-rín pín sí ìhín àti sí ọ̀hún. Bàbá a sì bèèrè pé, “Ṣé èyí ni mo ń san owó lé lórí?” Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ẹni tí ó ń san owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń rà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ohun tí ń bẹ nínú iṣẹ́ títo ìwé ìròyìn hàn yín lónìí, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ó dára yàtọ̀ sí eré ọmọdé bí a bá gbé e síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó dájú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìdánwò kan tí à ń pè ní OCR bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan ní ọdún 2008 fún àwọn ọmọ tí ó tó ọdún 16 sí 18. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yan iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tó ṣe èyí tí ó tóbi, ó ní láti kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó kéré: èèpo iwájú ìwé ìròyìn tuntun kan fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a yà láti orí dé àyà, orúkọ ìwé náà, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a tò bí ó ti yẹ, lẹ́yìn náà, ojú-ìwé tí ó ń sọ ohun tí ń bẹ nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ya àwòrán, òun ni yóò kọ ọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ mú ti ẹlòmíràn lò. A ti fi ètò míràn rọ́pò ètò náà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n n kò mọ iṣẹ́ tí ó fi ọgbọ́n yìí hàn dáradára jù ú lọ, nítorí pé ojú-ìwé méjì péré ni, kò sì sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ara pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì yóò kọ́kọ́ bèèrè irú àwọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lò. Ohun tí yóò bèèrè ni pé, “Ta ni yóò kà á?” Ìdáhùn tí púpọ̀ nínú wọn ń fún un ni pé, “Gbogbo ènìyàn.” Ìdáhùn yìí ni ó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí à ń gbé bá gbogbo ènìyàn pàdé, ẹnì kan ṣoṣo ni í na ọwọ́ mú ìwé lórí tábìlì. Nígbà tí Àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó mọ àwọn tí ó ń tẹ̀ ẹ́ fún: àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ti kọ́ ní ìwé kíkà, tí ó fẹ́ kí kíkà di àṣà fún wọn. Nítorí náà ni ó ṣe fi èdè Yorùbá kọ ọ́, tí ó ń tà á ní owó ẹyọ 120, tí ó sì ń mú un jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ní ọdún 1860 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Ìrúkèrúdò ọdún 1867, nígbà tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ni ó fi òpin sí i. Bí a bá gbé èdè rẹ̀, owó rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ yẹ̀ wò, ẹni tí yóò kà á ni a ó rí nínú gbogbo wọn.

Bákan náà ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń ṣe ìwé rẹ̀, àwọn tí kò tíì mọ ọ̀nà yàrá ìkàwé, àwòrán ilẹ̀ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà yóò wúlò ju ìtàn ìgbésí ayé ọ̀gá lọ. Bí ó bá jẹ́ fún àwọn tí ń múra àti jáde, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kí ó wá síwájú. Ìwọ̀n lẹ́tà pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí yóò ka ìwé náà ní ìdúró nínú ọkọ̀ tí ń mì kò lè fi ara da lẹ́tà wínníwínní.

Nísinsìnyí, èèpo ìwé. Orúkọ ìwé ni ó gbọdọ̀ wà lókè, ní ibi kan náà, ní irú lẹ́tà kan náà, nígbàkúùgbà tí ìwé náà bá jáde, kí ẹni tí ó ti kà á rí lè dá a mọ̀ láti òkèèrè bí a ti ń dá ẹ̀gbẹ́ mọ̀ nípa aṣọ wọn. Ìwé ìròyìn Time ti Amẹ́ríkà fi etí pupa yí èèpo rẹ̀ ká ní ọdún 1927, ìgbà díẹ̀ ni ó sì tíì yí i padà láti ìgbà náà. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù September ọdún 2001, nígbà tí ó fi dúdú rọ́pò pupa náà, gbogbo ẹni tí ó rí i mọ̀ kí wọn tó ka ọ̀rọ̀ kan pé ọ̀fọ̀ ni. Ẹ kíyèsí i pé bí kì í bá ṣe pé etí pupa náà ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, dúdú ìgbà náà kì bá tí sọ ohunkóhun.

Lẹ́yìn orúkọ ni àwòrán, èyí tí ó sàn kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí ẹni tí a yà bá kọ ojú sí wa tààrà, yóò dàbí ẹni pé ó ń pè wá; bí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ kan, ojú tiwa náà yóò tẹ̀lé ojú rẹ̀ lọ sí ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò fi àkọlé ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jùlọ sí ibi tí ojú náà ń wò. Ní ti àkọlé tí a ń kọ sí èèpo, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ẹ wo obìnrin tí ń ta ọsàn ní ọjà: kì í kó gbogbo apẹ̀rẹ̀ dà sílẹ̀, èyí tí ó pọ́n jù ni ó ń tò sí orí àtẹ. (Àmọ́ bí ti abẹ́ kò bá jọ ti òkè, oníbàárà kì yóò padà wá mọ́.) Ibí yìí ni ojú-ìwé àkóónú ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí èèpo bá ṣe ìlérí rẹ̀ gbọdọ̀ wà nínú àkóónú, pẹ̀lú àkọlé kan náà, kí a sì bá a ní ojú-ìwé tí a sọ pé ó wà gan-an. Ó yà mí lẹ́nu bí èyí ti ń ṣòro tó fún àwọn ọmọ tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà lò bí ẹni mọ ọ̀nà ilé.

Nínú ìwé gan-an, a ń pín ojú-ìwé sí òpó méjì tàbí mẹ́ta, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹwà. Bí ìlà ọ̀rọ̀ bá gùn jù, nígbà tí ojú bá dé òpin rẹ̀ tí ó sì fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí ó tẹ̀lé e, a ṣìnà. Òǹkàwé a tún ìlà kan kà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó fò ọ̀kan. Kí ó tó pẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ohun tí ó rẹ̀ ẹ́. Àwọn atẹ̀wé ti mọ èyí tipẹ́. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù pa irú lẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ tì ní ọdún 1932, lẹ́yìn tí Stanley Morison ti fi ẹ̀sùn kan ìtẹ̀wé wọn pé kò hàn dáradára, tí a sì fi í ṣe alábòójútó lẹ́tà tuntun tí ó lè hàn ketekete nínú òpó tóóró láìgba àyè púpọ̀. Lẹ́tà náà ni Times New Roman tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ yín dòní. Ẹni tí ó bá yàn án nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ bá níbẹ̀ kò tíì yan nǹkan kan. Ẹni tí ó bá yàn án nítorí pé òpó rẹ̀ tóóró, tí ó sì lè sọ bẹ́ẹ̀, ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́.

Àyè funfun tí a fi sílẹ̀ ní etí ìwé àti láàrin òpó kì í ṣe ìfiṣòfò. Irú lẹ́tà méjì tó fún gbogbo ìwé, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó kan àwa tí à ń fi Yorùbá kọ̀wé ju àwọn ẹlòmíràn lọ, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí àpérò ìjọ ní Èkó ti fi ẹsẹ̀ ìlànà àkọtọ́ wa múlẹ̀ ní ọdún 1875, àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ti jẹ́ ara ọ̀rọ̀ wa. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, olúkúlùkù wọn jẹ́ lẹ́tà kan odidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó ní méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti mú lẹ́tà, kí ó sì gbé àmì lé e. Bí ẹni tí ó ṣe irú lẹ́tà náà kò bá ronú nípa wa, àmì yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí yóò gun orí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà míràn tí kò bá ìyókù mu, tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dàbí aṣọ tí a lẹ̀.

Àwọn lẹ́tà alárànbarà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn fún àkọlé ni ó burú jù nínú èyí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i pé àmì kò dúró, ohun tí ó ń ṣe ni pé kí ó yọ gbogbo àmì náà kúrò. Ẹ wá rò ó wò bí ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan bá fẹ́ kéde pé, “Ọkọ̀ tuntun fún aya Àlùfáà,” tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá láìsí àmì. Ẹnì kan yóò kà á pé oko tuntun ni; ẹlòmíràn yóò kà á pé ọkọ́ ni, a ó sì máa béèrè irú ilẹ̀ tí ìyá náà fẹ́ ro; ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìjọ ni yóò kà á pé ọkọ tuntun ni, Àlùfáà fúnra rẹ̀ yóò sì ní láti ṣàlàyé ní ọjọ́ Ìsinmi. Kí a má fi í ṣe ẹ̀rín nìkan. Orúkọ ènìyàn ni ó ń kún inú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí a bá sì tẹ orúkọ rẹ̀ láìsí àmì ni a ti sọ di ẹlòmíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó yan irú lẹ́tà, kí ó kọ́kọ́ fi í tẹ “Ọ̀pẹ́lọpẹ́ Ẹ̀ṣọ́” ní ìwọ̀n ńlá àti ní ìwọ̀n kékeré, kí ó sì wò ó lórí tákàdá, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Bí àmì kan bá yẹ̀, kí ó wá irú lẹ́tà míràn, bí ó ti wù kí àkọ́kọ́ lẹ́wà tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé owó púpọ̀ ni ó ń sọ ìwé akẹ́kọ̀ọ́ di ohun tí a kò gbàgbé. Chinua Achebe ni olóòtú The University Herald ní Ìbàdàn ní ọdún 1951 sí 1952, kí a tó mọ̀ ọ́n ní ibòmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1958, J. P. Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan náà bẹ̀rẹ̀ The Horn, ìwé pẹlẹbẹ ti ewì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Cambridge, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dá The Granta sílẹ̀ ní ọdún 1889. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ kọ́ níbẹ̀ ni yíyan èyí tí yóò wọ inú ìwé, àti kíkọ èyí tí kò yẹ, àní bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ wọn.

Ó ku ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáradára ti ń bàjẹ́. Àwòrán tí ó mọ́ lójú fóònù lè di ìdọ̀tí lórí tákàdá, nítorí pé títẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí àmì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan; àwòrán tí yóò kún ojú-ìwé A4 gbọdọ̀ ní tó 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òró. Àwọ̀ náà kò dúró bákan náà: ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, ṣùgbọ́n tádàwá mẹ́rin ni atẹ̀wé ń lò, aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, pupa tí ó fara jọ àlùkò, ìyeyè àti dúdú, aró títàn yanranyanran a sì máa rọ bí ó bá dé orí tákàdá. Bí àwòrán bá sì fẹ́ dé etí ìwé, kí a jẹ́ kí ó kọjá etí náà ní mìlímítà 3, nítorí ọ̀bẹ kì í gé e bákan náà ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́yìn èyí ni iye ojú-ìwé. Tákàdá A3 kan tí a ká sí méjì fún wa ní ojú-ìwé A4 mẹ́rin. Nítorí náà ìwé tí a ká tí a sì fi okùn irin dì ní àárín kò lè ní ojú-ìwé 10 tàbí 14. Ó gbọdọ̀ jẹ́ 8, tàbí 12, tàbí 16, tàbí 20. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú tákàdá òfìfo mẹ́rin, kí ó tò wọ́n lé ara wọn, kí ó ká wọn, kí ó sì kọ nọ́ńbà sí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16. Bí ó bá tú wọn ká, yóò rí i pé 1 àti 16 wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tákàdá kan, àti pé 2 àti 15 wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ní àárín gbùngbùn nìkan, ní 8 àti 9, ni ojú-ìwé méjì tí ó kọ ojú sí ara wọn ti jẹ́ tákàdá kan náà. Bí àwòrán kan bá wà tí ó ní láti gba ojú-ìwé méjì láìní ìpín, ibẹ̀ ni kí a fi sí.