Bí A Ti Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Gba Eyín Là

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ti oníṣègùn eyín: kí ó fi ẹ̀mú di eyín mú, kí ó sì fà á tu. Bí eyín bá ń dun ènìyàn ní òru, tí ó fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, tí ó fi kànáfùrù há a, tí kò sì dákẹ́, èrò tí ó kù ni pé kí a lọ yọ ọ́. Àwọn àgbà wa ni ó wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n a kì í rántí ọ̀rọ̀ náà bí ó bá di ti eyín. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí àwọn òǹkàwé wa mọ ohun tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí, pàápàá ẹ̀kọ́ tí ó le jù níbẹ̀, èyí tí í ṣe títọ́jú inú gbòǹgbò eyín, àti títún eyín tí ó ti bàjẹ́ kọ́.

Eyín kì í ṣe òkúta. Lábẹ́ ara òde rẹ̀ tí ó le ju egungun lọ, ẹran rírọ̀ kan ń bẹ láàrin, tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ń gba ihò tóóró inú gbòǹgbò wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ìdíbàjẹ́ bá jẹ eyín dé ibẹ̀, ẹran náà a wú, a sì máa ro ni gidigidi, nítorí kò ní àyè tí yóò fẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà a kú. Níhìn-ín ni ẹ̀tàn ńlá wà: bí ó bá ti kú, ìrora a dẹ̀, aláìsàn a yọ̀ pé ara òun ti yá, kò sì ní dé ilé-ìwòsàn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àrùn ti fi òkú ẹran náà ṣe ilé. Wọn a máa gba ìdí gbòǹgbò jáde sínú egungun àgbọ̀n, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀fun kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Ó ti pa ènìyàn rí. Ní ọdún 1965 ni Kakehashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn gbangba pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí gan-an ni ọ̀tá. Wọ́n lu ihò sí eyín àwọn eku. Ti àwọn eku tí a tọ́ níbi tí kòkòrò àrùn kankan kò sí ń san. Ti àwọn eku yòókù jẹrà.

Ìtọ́jú náà rọrùn láti sọ: a ó ṣí eyín, a ó kó òkú ẹran jáde, a ó fọ inú ihò, a ó sì dí i pátápátá. Ṣíṣe rẹ̀ ni iṣẹ́. Ayùn tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni a fi ń ha inú gbòǹgbò. Èyí tí èèkù rẹ̀ funfun kò nípọn ju ìdá 15 nínú ìdá 100 mìlímítà kan lọ ní ṣóńṣó rẹ̀. Ti aláwọ̀ òféèfèé jẹ́ 20, ti pupa 25, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Gbòǹgbò sì lè tẹ̀ bí ìwọ̀. Eyín ńlá àkọ́kọ́ ní àgbọ̀n òkè sábà máa ń ní ihò 4, èkẹrin sì fara pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tí a kò kọ́ kò ní rí i. Bí a bá sì fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfọ̀, gbogbo làálàá lè di asán. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dúró ní ìwọ̀n ìdajì mìlímítà sí mìlímítà 1 kí ó tó dé òpin gbòǹgbò. Àwòrán X-ray ni yóò fi mọ ibi tí ó dé.

Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1966. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e láàrin ọdún 1970 sí 1980. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà ẹni tí ó bá ti ilé-ìwé gíga wọlé tààrà, lẹ́yìn èyí ni ọdún 1 ní ilé-ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá. A kì í mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá ènìyàn ní kíákíá. Orí àtọwọ́dá ni yóò kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, èyí tí ó ní ẹnu àti àgbọ̀n, tí a de mọ́ orí àga bí aláìsàn. Fergus, ní ìlú Glasgow, ni ó ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1894. Kò ní sunkún, kò sì ní ké; ó ń kọ́ ọmọ bí a ti ń jókòó, bí a ti ń wo ẹ̀yìn eyín nínú dígí kékeré, àti bí ọwọ́ kò ṣe ní gbọ̀n.

Eyín oníke kò sì tó. Ó rọ̀ jù, ihò inú rẹ̀ a sì máa gún régé jù bí Ẹlẹ́dàá ti dá tiwa lọ. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣa eyín àgbà tí a ti yọ ní ilé-ìwòsàn jọ, tí wọ́n ń pa kòkòrò ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń mọ ọ́n sínú ohun kan tí ó funfun tí ó gan bí ẹfun, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. (Eyín ọmọdé tí àwọn ọmọ wa ń jù sórí òrùlé kò wúlò fún èyí.) Níbẹ̀ ni ó ti ń ṣe àṣìṣe tí a kò fẹ́ kí ó ṣe lẹ́nu ènìyàn: ayùn ń dá sínú gbòǹgbò, ẹ̀rọ ń lu ẹ̀gbẹ́ eyín já. Olùkọ́ a fi àwòrán hàn án, a sì ní kí ó mú eyín mìíràn.

Nígbà tí ó bá kan aláìsàn, eyín iwájú tí ó ní ihò 1 ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Oògùn amúnikú-ara ni yóò kọ́kọ́ fi sí i. A ó ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín náà ká, ọgbọ́n tí Barnum ti New York mú wá ní ọdún 1864, kí itọ́ má baà wọ inú rẹ̀, kí ayùn má sì bọ́ sí ọ̀fun. A ó fi omi kan fọ inú rẹ̀ tí ó jẹ́ ìbátan èyí tí alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ funfun. Oje igi tí à ń pè ní gutta-percha ni a ó fi dí ihò náà. Olùkọ́ a máa yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan wò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀síwájú; ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́, a kò sì rò pé ó yẹ kí a bínú sí i.

Ohun tí ó ń dá àwọn ọ̀dọ́ yìí dúró ni àìsí aláìsàn tí yóò gbà. Bí gbogbo ẹni tí ó wọlé bá ní kí a yọ eyín òun, níbo ni wọn yóò ti kọ́ bí a ti ń gbà á là? A kò sọ pé kò sí eyín tí ó yẹ ní yíyọ. Èyí tí ó là dé gbòǹgbò, tàbí tí egungun ti fi sílẹ̀, yíyọ ni tirẹ̀, mímọ ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ ara ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ bá gbà fún ìtọ́jú yìí, ẹ kíyè sí èyí: gbòǹgbò tí a dí kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ihò ti jẹ púpọ̀ nínú eyín náà, bí igi tí ikán jẹ. Eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ sábà nílò adé tí yóò bò ó. Ìdí fún ìgbà díẹ̀ ni dókítà fi sí i kí ẹ tó padà wá. Ẹni tí ìrora ti lọ, tí ó jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, lè jẹ egungun lọ́jọ́ kan kí eyín náà là sí méjì, kò sì sí oníṣègùn tí yóò lè so ó pọ̀.